Ìwé Ẹ̀jẹ́ Tó Ṣẹ́kù

Ọmọbìnrin náà kò sunkún, kò sì búra. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ìsípẹ́kítọ̀ Àdíját Fàsásì lẹ́nu nìyẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti rí olè tó sunkún títí ikun fi gba imú rẹ̀, ó sì ti rí aláìṣẹ̀ tó búra títí ẹnu fi gbẹ. Èyí tó jókòó níwájú rẹ̀ nínú yàrá àlejò yìí kàn ká ọwọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Hannah, ṣé ìwọ lo mú ìwé ilẹ̀ yìí?"

"Èmi kọ́, mà."

"Wọ́n rí ọ nídìí kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé náà wà, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Kí lo wá débẹ̀?"

Hannah kàn fa aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀.

Kọ́pùrù Adéníran, tó dúró ti ilẹ̀kùn, mí kanlẹ̀. Bí ọmọ náà ti jáde báyìí ló pa ìwé tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ dé. "Ọ̀gá, ẹjọ́ ti parí nìyí o."

"Adéníran, kí ló ń lé ọ? Ṣé ìyàwó rẹ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni? Jókòó."

Ẹjọ́ ọ̀hún kò ṣòroó rò, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ti rò ó tán. Lórí òkè kan láàárín Òrù àti Awa ni ilé àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà yìí wà. Kì í ṣe irú Sísítà tó ń kọ́ni nílé ìwé tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn tibí ti fẹ̀yìn ti ayé pátápátá. Ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́ ni wọ́n ń kọrin àdúrà. Láàárín àdúrà kan sí èkejì, wọ́n á ro ẹ̀gẹ́, wọ́n á tọ́jú oyin, wọ́n á yan búrẹ́dì funfun pẹlẹbẹ tí àwọn Fadá fi ń ṣe Máàsì káàkiri Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyà bá lé dé ẹnu ọ̀nà wọn kì í padà ní òfìfo. Nígbà tí àwọn tí ogun lé wá láti òkè òkun kún àgọ́ tó wà ní Òrù, inú ìkòkò kan náà lọ̀pọ̀ wọn bá àwọn obìnrin yìí jẹun.

Wàyí o, Olóyè Gbénró Ajíbádé, oníṣòwò gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ní bàbá òun kàn yá wọn ní ilẹ̀ náà ni, kò fún wọn. Àwọn Sísítà ní ó fún wọn, ó sì tẹ̀ka sí ìwé lọ́dún 1978. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kọ́ọ̀tù. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Mọ́dà Gabriel, olórí wọn, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú ìwé ọ̀hún fún lọ́yà, ló bá àyè rẹ̀ lófìfo.

Ta ni yóò jí i? Hannah ni àbíkẹ́yìn wọn nílé náà. Ọmọ àbúrò Gbénró gan-an ni. Ó jáde yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó fi iṣẹ́ àti ọkọ tí wọ́n ń wò fún un sílẹ̀, ó gba orí òkè lọ. Ọjọ́ Sátidé yìí ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀jẹ́.

"Mi ò fẹ́ gbà pé òun ni," Mọ́dà Gabriel wí. "Ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò sọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá lójú kó tó di Sátidé, mi ò lè gba ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ilé ni yóò máa lọ, kò sì ní padà wá mọ́. Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

"Mọ́dà, ọ̀la kọ́ ni Sátidé," Àdíját wí. "Òní ṣì jẹ́ Ọjọ́rú."

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa Àdíját. Kò lè rí nǹkan kó má ka iye rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú mọ́sálásí àdúgbò wọn ní Àgọ́-Ìwòyè, Àdíját fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí ìrun bá parí, tí èrò lọ tán, tí bàtà kan wá ṣẹ́kù, ọ̀ràn dé nìyẹn: bóyá bàbá arúgbó kan ti sùn lọ nínú, bóyá ẹnì kan wọ ti ẹlòmíì lọ sílé. "Bàtà tó ṣẹ́kù kì í parọ́," bàbá rẹ̀ a máa wí.

Ó bá Bàbá Yẹ̀kínì nínú oko ilá. Mùsùlùmí ni bàbá náà, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti fi bá àwọn Sísítà roko, tó ń ṣọ́ géètì wọn.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí Hannah. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe rí i, ẹ má ṣe àbùmọ́."

"Àlàájà, ibi tẹ́ ẹ dúró yìí ni mo dúró. Fèrèsé yàrá ìwé rèé, ó ṣí sílẹ̀. Ọmọ yẹn gbé bébà kan síbi ìmọ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."

"Ètè rẹ̀ ń kí ni?"

"Ó ń lọ. Bí ẹni tó ń ké kéú."

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Òun nìkan ni mo rí. Fèrèsé ò tóbi, igun yàrá kan ṣoṣo lèèyàn ń rí."

"Mọ́tò Olóyè Gbénró ńkọ́?"

"Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, kò kọjá géètì. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin kọjá yàrá àlejò. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, mi ò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn yàrá wọn." Bàbá náà gbé ọkọ́ lélẹ̀. "Àlàájà, ọmọ dáadáa ni. Ó ń dùn mí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Òótọ́ yín lè wá gbà á."

*

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán ni Mọ́dà ṣí yàrá ìwé fún wọn, ó gbà kí Adéníran náà wọlé nítorí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Obìnrin arúgbó kan jókòó sí igun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin ọdún, ìborí dúdú bò ó lórí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdì kọ́kọ́rọ́ kan.

"Sísítà Simeon nìyí," Mọ́dà wí. "Àwọn ló ń tọ́jú ìwé láti ìgbà tí a ti dá ilé yìí sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àdíját. "Mọ́dà Gabriel, Sísítà Simeon. Ẹ dákun, ṣé ilé obìnrin ni mo wà ṣá?"

Mọ́dà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Orúkọ ẹni mímọ́ la máa ń gbà tí a bá wọlé. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Sísítà Zechariah la sin ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn."

Àdíját súnmọ́ ìyá arúgbó náà. Ó yọ ọ̀rá bisikí tó jẹ nínú mọ́tò jáde lápò, ó nà án sí i. "Màmá, káàdì ọlọ́pàá mi rèé, kẹ́ ẹ lè mọ̀ mí."

Sísítà Simeon na ọrùn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti rí i, ọmọ mi. Fọ́tò ọ̀hún jọ ọ́."

Adéníran lanu. Àdíját fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sì dá ọ̀rá bisikí padà sápò jẹ́jẹ́.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pósí pákó gígùn kan wà tí kò ní ọmọrí. Bẹ́ẹ̀ ni Adéníran pè é, pósí. Mọ́dà ní àpótí ni. Àwọn ìwé kíká tò sínú rẹ̀ lọ gbọọrọ, wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ikán, wọ́n sì fi rìbọ́ọ̀nù funfun dì í.

"Ìwé ẹ̀jẹ́ wa ni," Mọ́dà ṣàlàyé. "Ọjọ́ tí Sísítà bá jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́, orí pẹpẹ ni yóò sì ti fọwọ́ sí i. A ó ká a, a ó dì í. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní tú u wò. Bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra la ṣe tò wọ́n, àgbà ló ṣáájú. Ìwé ilẹ̀ ló máa ń wà ní ìparí, rìbọ́ọ̀nù tirẹ̀ jẹ́ búlúù."

"Bí Sísítà bá wá kú ńkọ́?"

"Ẹni tó ń tọ́jú ìwé yóò mú tirẹ̀ jáde, yóò fi áńkáṣífì olóògbé wé e, yóò sì fi í sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú pósí. Ó ń mú un lọ bá Ẹni tó jẹ́ ẹ fún."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdíját lára. Ó fọwọ́ kan ara àpótí náà, ó bi í pé, "Kí ló dé tí àgbélébùú ara àpótí yìí kọjú sí ògiri?"

Mọ́dà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń wà. Iwájú ló máa ń kọjú sí."

"Ọ̀gá, mo ti kà á," Adéníran wí, inú rẹ̀ dùn pé òun náà ń ka nǹkan. "Ìwé ẹ̀jẹ́ méjìlá. Mo sì ka àwọn Sísítà nígbà tí wọ́n ń jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn náà jẹ́ méjìlá. Ó pé géérégé."

*

Olóyè Gbénró kò dìde kí wọn níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú rẹ̀. Ariwo ayùn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn, ó ní kí wọ́n pa á.

"Ẹ ti wá mú mi, àbí? Wọ́n sọ ìwé wọn nù, èmi ni mo jí i!"

"Olóyè, mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kí lẹ wá ṣe lẹ́nu géètì wọn lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ọmọ àbúrò mi ni mo lọ wò! Bàbá rẹ̀ ti kú, èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo rán an ní yunifásítì. Ọdún méjì, mi ò fojú kàn án. Wọ́n ní ó wà nínú àdúrà. Wọ́n gba ọmọ mi, wọ́n tún fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá mi." Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Kí wọ́n mú ìwé yẹn jáde. Bàbá mi ò mọ̀wé, ìtẹ̀ka ló ń ṣe, ayùn sì ti gé ẹ̀gbẹ́ kan àtàǹpàkò rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bí ìtẹ̀ka ààbọ̀ yẹn bá wà níbẹ̀, ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀, nítorí kò sí ìwé kankan!"

Nínú mọ́tò, Adéníran ní, "Àrékérekè ni. Ó ti fi iná jó o."

"Ẹni tó ti jó ìwé kì í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í han òun. Àti pé, ilẹ̀ kọ́ ló ń dun ọkùnrin yẹn jù." Àdíját ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. "Sọ fún mi, Adéníran. Tó o bá fẹ́ jí ìwé, ṣé wàá kà á sókè?"

"Kí ni màá kà á sókè fún?"

"Àfi tí ẹnì kan bá ń gbọ́ ọ. Ní igun tí Bàbá Yẹ̀kínì ò lè rí. Ìyá tó rí fọ́tò mi lára ọ̀rá bisikí."

*

Ohun tí Hannah ń ṣe níbẹ̀ ti yé e. Ibi tí ìwé ilẹ̀ wọlé sí ni kò tíì mọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, orí àdúrà ló ti bá wọn. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré náà, nítorí ó bá tiwọn níbẹ̀. Ó kà á. Bàtà méjìlá. Ó yọjú wo inú ilé, ó ka orí. Orí méjìlá.

"Mo wí fún yín," Adéníran sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àdíját kò dáhùn. Ó ń wo ẹ̀yìn orí àwọn obìnrin náà bí wọ́n ṣe tẹrí ba. Dúdú, dúdú, dúdú. Ní ìparí ìlà kejì, funfun.

"Adéníran, má ka orí. Ka ìborí."

"Dúdú mọ́kànlá. Funfun kan. Hannah ni."

"Kí ló dé tí tirẹ̀ fi funfun?"

"Kò tíì jẹ́ ẹ̀j..." Kọ́pùrù yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Kò tíì jẹ́ ẹ̀jẹ́! Ẹni tí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kò ní ìwé. Obìnrin mọ́kànlá ló yẹ kó ní ìwé níbẹ̀, a sì ka méjìlá. Bàtà kan ṣẹ́kù, Adéníran! Ẹnì kan ti wọ ti ẹlòmíì lọ sílé."

*

Ó ní kí Mọ́dà pe Hannah àti Sísítà Simeon sí yàrá ìwé. Àwọn méjèèjì wọlé, Hannah di ìyá náà lápá mú.

"Mọ́dà," Àdíját wí, "ọjọ́ tẹ́ ẹ sin Sísítà Zechariah, níbo ni Hannah wà?"

"Ibà ló dá a gúnlẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn."

"Ta ló wá mú ìwé olóògbé jáde?"

"Èmi ni," Sísítà Simeon wí. "Iṣẹ́ mi ni."

"Hannah, ta ló gbé àpótí yìí kúrò níbi tó wà?"

Ọmọ náà wo ìyá arúgbó, ó wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò ní bi ọ́ léèrè ohun tó o bá ẹlòmíì pa mọ́. Àpótí nìkan ni mo bèèrè."

"Èmi ni, mà. Ikán ti ń gun kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e lọ sínú oòrùn, mo nù ún, mo dá a padà. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìsìnkú ni."

"O sì yí i pa dà láìmọ̀. Àgbélébùú kọjú sí ògiri. Ibi tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ di ìparí, ìparí di ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló dàgbà jù nínú yín kó tó kú, Mọ́dà?"

"Sísítà Zechariah. Ìwé rẹ̀ ló..." Mọ́dà fọwọ́ bo ẹnu. "Ìwé rẹ̀ ló ṣáájú. Ìwé ilẹ̀ ló wá bọ́ síbẹ̀."

Àdíját kúnlẹ̀ níwájú Sísítà Simeon, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún náà. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rá bisikí ni mo fi hàn yín lánàá. Ìgbà wo lojú ti lọ?"

Ìyá náà ń fi ọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ó di ọdún méjì," ó wí. "Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ìwé wọ̀nyí nìkan ni iṣẹ́ tó kù tí mo lè ṣe fún ilé yìí. Mo mọ̀ pé tí mo bá wí, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ kí n lè sinmi. Mi ò fẹ́ sinmi. Hannah ló ń bá mi ka lẹ́tà, òun ló ń bá mi kọ èsì. Mo ní kó ṣèlérí pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ló kan Hannah nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Wọ́n ní òun ló jí ìwé ilẹ̀, Màmá. Wọ́n fẹ́ lé e lọ sílé."

"Ta ni?" Ìyá náà dìde fùú. "Hannah? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"A ò fẹ́ da ọkàn yín láàmú, Màmá," Mọ́dà wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí," Àdíját wí, "ìdákẹ́jẹ́ yín dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Ṣùgbọ́n tiyín ti pọ̀ jù. Màmá dákẹ́ nítorí iṣẹ́ wọn. Ọmọ dákẹ́ nítorí Màmá. Mọ́dà dákẹ́ kí Màmá lè sùn. Gbogbo yín ń fi ìfẹ́ pa ara yín!" Ó nawọ́ sí Hannah. "Mọ́dà, ẹ ní ẹ ò lè gba ẹ̀jẹ́ ọmọ yìí. Ó ti ń pa ẹ̀jẹ́ mọ́ kó tó jẹ́ ẹ."

Ìgbà náà ni Hannah tó sunkún.

*

Àdíját sáré títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú kó lè gba àṣẹ láti ṣí ibojì: ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ adájọ́, ọ̀dọ̀ àwọn wolé-wolé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Yẹ̀kínì àti ọkùnrin méjì gbẹ́ ibojì Sísítà Zechariah nígbà tí àwọn yòókù ń kọrin. Olóyè Gbénró dúró lápá kan, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ohun tí ojú rí nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́dà fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀, áńkáṣífì funfun kan ló sì mú gòkè. Ó tú u. Rìbọ́ọ̀nù búlúù ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rá kò jẹ́ kí omi wọ inú ìwé. Àdíját ká a sílẹ̀ níwájú Gbénró. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìtẹ̀ka kan wà tó dà bí òṣùpá ààbọ̀.

Ọkùnrin náà tẹ ojú mọ́ ọn. Ó bọ́ fìlà. "Bàbá mi nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dàrú. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí." Kò tún sọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́. Ó yí ojú wá ọmọ àbúrò rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin náà, ó fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé pè é. "Adéṣọlá, ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ẹ wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́dà mú ìwé ẹ̀jẹ́ kan tó ti wà lọ́wọ́ Sísítà Simeon láti àárọ̀, èyí tó ṣẹ́kù, ó fi áńkáṣífì náà wé e. Ó tún sọ̀kalẹ̀, ó dá tirẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, Olóyè Gbénró jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá, ó ń sunkún bí bàbá tó ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Hannah kọ ìwé rẹ̀ lórí pẹpẹ, ó fọwọ́ sí i. Sísítà Simeon ló dì í, nítorí Mọ́dà kò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ó kàn fi Hannah tì í, kó máa ṣe ojú fún un, ní gbangba báyìí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Àdíját bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbélébùú kọjú síwájú. Rìbọ́ọ̀nù búlúù wà ní ìparí. Ó fi ìka tọ́ àwọn funfun níkọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mélòó ni, ọmọ mi?" Sísítà Simeon bi í láti igun rẹ̀.

"Méjìlá, Màmá," Àdíját wí. "Ẹ̀yin náà sì jẹ́ méjìlá."

Ó bọ́ síta, ó wá bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó lọ sílé.